Bàtà Ọkùnrin Lẹ́nu Ọkọ̀ Búrẹ́dì

"Ọkọ̀ yìí ò gba ẹsẹ̀ mi," ni Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì wí. Ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ búrẹ́dì àbúrò rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Bí mo bá sùn síbí, ẹsẹ̀ mi ni yóò máa kí àwọn èrò tó ń kọjá."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ sùn síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni. Èmi ò sì gùn tó yín."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́jú."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Àwọn ẹbí ti pé sí àgbàlá wá wo Ìyá Oníbúrẹ́dì, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó ní òun fẹ́ lọ dá sùn sínú ọkọ̀ létí adágún fún òru méjì gbáko. Kò sẹ́ni tó lé e nílé. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ó ní ó kàn wu òun ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń ba àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kàn jẹ́ jù, nítorí a lè bẹ ẹni tó ń bínú, ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń bẹ ẹni tí nǹkan wù?

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa ọkọ̀ náà fún ilé búrẹ́dì kan. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló máa ń kó ẹrù, á sì ti pín in dé ṣọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn kí àwọn ọmọ iléèwé tó jí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé búrẹ́dì ra ọkọ̀ tuntun, wọ́n sì fi ògbólógbòó yìí ta á lọ́rẹ. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ jórinjórin, ló jó irin pẹpẹ búrẹ́dì inú rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ìyá ní kí wọ́n gé irin náà, kí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ó rán kọ́tìnì sí fèrèsé, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kékeré sílẹ̀, ó gbé sítóòfù olójú kan sí kọ̀rọ̀. Títí di òní, bí oòrùn bá mú ọkọ̀ náà, òórùn búrẹ́dì á tún máa jáde lára irin.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa obìnrin yìí fún yín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ti fi páálí búrẹ́dì lé ajá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ó ti bá ọlọ́pàá fa ọ̀rọ̀ títí ọlọ́pàá fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, tí ilẹ̀ ṣú, tó wá ku òun nìkan, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Láti ọdún mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ ti kú, rédíò ló ń bá a sùn, iná pálọ̀ kì í sì í kú títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló fà á tó fi ní kí ìyá òun kó wá sílé òun. Yàrá kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọkọ ọmọ náà, tó ń tẹ́ táìlì, sì ti ń wá ọkọ̀ tí yóò máa fi kó ẹrù iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bára mu fún gbogbo èèyàn àfi ẹni tó ni ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ọmọ náà tún gbé e dé.

"Mọ́mì, ẹ ò lè dá sùn nínú ilé tó ní ilẹ̀kùn irin, inú ọkọ̀ lẹ wá fẹ́ lọ dá sùn?"

Ẹran wà lẹ́nu Ìyá Oníbúrẹ́dì. Kò dúró gbé e mì. "Òru méjì," ló wí. "Bí mo bá sá padà wálé kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, kí ọkọ rẹ gba kọ́kọ́rọ́, èmi náà á sì kó wá sínú yàrá ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sùn ún tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ yàrá yẹn sí mi létí mọ́ láéláé."

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ni ẹlẹ́rìí. Ẹnu ìyá ló kó o sí i, ó wá ku bí yóò ṣe jáde.

Ọkọ ọmọ náà wà nínú ọkọ̀ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún símẹ́ńtì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi téèpù wọn ògiri.

"Kí lò ń wọ̀n?" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bi í.

"Kò sí nǹkan, Màmá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ á tó yín."

"Téèpù la fi ń wọn afẹ́fẹ́?"

"Gígùn rẹ̀ ni, Màmá."

Nílé ìyá yìí, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà. Dókítà tó wá wo ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́sí pàápàá bọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni èyí, ta ló ń bọ́ bàtà wọ ọkọ̀? Òun gan-an ò sì mọ bí òun á ṣe wí i. Ó wo ojú ẹsẹ̀ símẹ́ńtì méjì lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé ìbínú mì.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì dìde jókòó. Ó mú fèrè ọlọ́pàá kan jáde nínú báàgì, ó fi kọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni ń fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà ló fa àpò ọ̀rá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bùútù olóògbé ni ó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rìndínláàádọ́ta, tí iná ìjórin ti jó ihò wínníwínní sí lórí.

"Gbọ́, àbúrò mi. Ogójì ọdún ni mo fi ṣọ́ wọ́ọ̀dù lóru, mo mọ ohun tí ọkùnrin ń bẹ̀rù. Ọkùnrin tó jù ú lọ ni. Bó o bá ti dé ibẹ̀, gbé bùútù yìí sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ọkùnrin wà nínú ilé. Kó o sì máa bá a sọ̀rọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?"

"Ọkọ rẹ."

"Ọkọ mi tó ti kú?"

"Ṣé olè mọ̀ pé ó ti kú ni?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì na ọwọ́. Ó gba bùútù.

Ọgbà ìsinmi náà ò jìnnà, ìrìn wákàtí méjì ni. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, igi ńlá mẹ́fà, ilé ìwẹ̀ kan, adágún níwájú. Bàbá Ọlọ́gbà, arúgbó kan tó ń wọ fìlà sórí fìlà, ló ṣí géètì. Ó yọjú wo síìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

"Ẹ̀yin nìkan ni, Màdáámù?"

"Rárá o. Ọkọ mi wà lẹ́yìn. Oorun ti gbé wọn lọ."

Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́. Ó ya òun alára lẹ́nu.

"Ẹ bá mi kí wọn o," ni Bàbá Ọlọ́gbà wí.

"Wọ́n á gbọ́, Bàbá."

Bọ́ọ̀sì funfun kékeré kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì páàkì sábẹ́ igi tó tẹ̀lé e, ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ sí i. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbà yẹn ló wá rí ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì náà: bàtà ọkùnrin, dúdú, tó ń dán, tó sì tóbi. Àyà rẹ̀ já. Háà, ọkùnrin wà níbí! Ọkùnrin ńlá sì ni, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kíá ló gbé bùútù jáde, ó tò ó síbi tí gbogbo ayé á ti rí i.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó wọ gíláàsì yọrí jáde nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Obìnrin náà ní tísà ìṣirò lòun kí òun tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ló fi àgbọ̀n júwe bùútù.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ń sinmi. Tiyín ńkọ́?"

"Àwọn náà ń sinmi."

"Ẹ bá mi kí wọn o."

"Ẹ bá èmi náà kí bàbá o."

Kálukú wọlé, kálukú ti ilẹ̀kùn gbọin. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì rántí ìmọ̀ràn Ẹ̀gbọ́n. Ó gbé ohùn sókè: "Bàbá, ẹ dìde jẹun kẹ̀! Ẹran yín rèé!" Kò pẹ́ tí ohùn Tísà náà dún láti inú bọ́ọ̀sì funfun: "Ẹ gbé ìwé yẹn sílẹ̀ jàre, kẹ́ ẹ wá jẹun!" Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ́tí títí, kò gbọ́ kí ọkùnrin kankan dáhùn. Irú ọkùnrin wo ni ìyàwó ń pè tí kò ń dáhùn? Òǹrorò ni. Ó ní láti jẹ́ òǹrorò.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nǹkan kan jábọ́ sórí páànù ọkọ̀, kòó! Ìyá Oníbúrẹ́dì fò dìde, ó fi fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n èémí tí yóò fi fọn ọ́n ò sí. Ìgbà tí nǹkan náà tún ṣe kòó lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wà lórí síìtì awakọ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló jókòó sí mọ́jú, ọrùn rẹ̀ sì le bí igi. Ní ìdájí ni fóònù dún.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti fẹ́ máa bọ̀? Bàbá àwọn ọmọ ti wọ aṣọ, wọ́n ní àwọn lè wá mú yín."

"Sọ fún un kó bọ́ ọ. Mo sùn dáadáa."

Kí ó tó bọ́jú tán, Tísà ti dé pẹ̀lú àwo méjì. Ẹyin díndín àti búrẹ́dì ni, àwo kan fún un, àwo kan fún bàbá. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúpẹ́ dúpẹ́. Ó wọlé, ó fi ìka tẹ búrẹ́dì náà, kò dìde padà. Búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta! Ṣùgbọ́n a kì í dá àwo padà pẹ̀lú oúnjẹ kí ọkùnrin tó wà nílé má bàa di ẹni tó kọ oúnjẹ aládùúgbò. Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti olóògbé. Lẹ́yìn náà, ìwà ọmọlúàbí ò gbà kó dá àwo padà lófìfo, ló bá se ìrẹsì, ó bù ú kún méjèèjì, ó gbé e lọ. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, Tísà dá àwo padà, ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú.

"Bàbá yín mà ń jẹun o," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Tiyín náà ò kẹ̀rẹ̀. Ṣé wọn ò tíì jí ni? Aago mọ́kànlá ti lù."

"Wọ́n jí, wọ́n tún sùn padà. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ó ti mọ́ wọn lára. Tiyín ńkọ́?"

"Ìwé ni wọ́n ń kà."

"Láti àná?"

"Ìwé náà gùn."

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá Ọlọ́gbà ló kó wọn yọ, tàbí ká sọ pé òun ló tún dá kún un. Ó wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó ní ẹ̀ka igi kan wó dí ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kí àwọn ọkọ méjèèjì dákun jáde wá bá òun gbé e.

"Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n," ni àwọn obìnrin méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Ọlọ́gbà wo bùútù, ó wo bàtà dúdú, ó mi orí. "Àwọn ọkùnrin ayé òde òní," ló wí. Tísà àti Ìyá Oníbúrẹ́dì ká aṣọ sókè, wọ́n gbé ẹ̀ka igi náà. Nígbà tí Bàbá Ọlọ́gbà yóò fi rí ibi tí yóò dì mú, wọ́n ti sọ ọ́ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tó di aago méjì, ọkàn Ìyá Oníbúrẹ́dì ti pin. Òru mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí kò fojú hàn, tí kò fọhùn, tó ń jẹ àwo ìrẹsì ńlá? Ó tì o. Ó ká bẹ́ẹ̀dì, ó to abọ́, ó jókòó sórí síìtì awakọ̀. Ó rí yàrá ẹ̀rọ ìfọṣọ lójú ara rẹ̀, bí ẹ̀rọ náà á ṣe máa pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí òun á ṣe máa tọrọ àyè kí òun tó jí ṣe tíì nínú ilé onílé. Ó rí ọkọ̀ yìí tí táìlì kún inú rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, n ò ní fi pamọ́ fún yín. Ó mú fóònù láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò dé. Kò kìlọ̀, kò ṣú, ó kàn dà wàà ni. Ìyá Oníbúrẹ́dì yọjú síta, ó rí bàtà dúdú yẹn tí omi ń kún inú rẹ̀.

"Tísà o! Bàtà bàbá! Òjò ń pa á!"

"Ti bàbá tiyín náà o!" ni Tísà ké láti ojú fèrèsé.

Wọ́n dúró. Ìyá ń retí kí ọkùnrin jáde lọ́hùn-ún, Tísà ń retí kí ọkùnrin jáde níbí. Kò sẹ́ni tó jáde. Bàtà aláwọ gidi bẹ́ẹ̀! Ara Ìyá Oníbúrẹ́dì ò gbà á. Ó gbé ọ̀rá borí, ó sáré gba inú òjò lọ sẹ́nu bọ́ọ̀sì funfun, ó kó bàtà náà ṣùúrù. Ìgbà tó yíjú padà, Tísà wà lẹ́nu ọkọ̀ búrẹ́dì, ó rọ̀ mọ́ bùútù. Òun náà ò lè wò ó níran.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pépà tí ṣọ́ọ̀bù fi ń dí imú bàtà ṣì wà nínú rẹ̀ digbí. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ funfun láú, lébẹ́ẹ̀lì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n pàdé láàárín ọ̀nà, òjò ń lù wọ́n.

"Tísà," ló wí, "bàtà ọkọ yín ò tíì rìn láyé rẹ̀."

Tísà gbọn bùútù wò. "Aláǹtakùn ń gbé inú ti ọkọ yín. Ó ti bímọ pàápàá."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tísà, fùú, bí omi tó bẹ́ ní páìpù. Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko tútù, ó di ìhà mú.

"Ọkọ mi ti fi mí sílẹ̀ lọ láti ọdún mọ́kànlá," ni Tísà wí nígbà tó rí èémí mí. "Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ra bàtà yẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó tóbi jù."

"Tèmi ti kú láti ọdún mẹ́ta."

"Háà. Ẹ kú àmúmọ́ra o."

"Ta ló wá jẹ ìrẹsì tí mo gbé wá?"

"Èmi ni. Àwo méjèèjì. Díẹ̀ ló kù kó pa mí."

"Èmi náà ni mo jẹ búrẹ́dì. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, búrẹ́dì yẹn ò dáa rárá."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí Tísà wọlé kó wá mu tíì gbígbóná. Tísà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹrí ba wọlé. "Ẹ kú ilé o," ló wí. Kò sẹ́ni tó tíì kí i bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn rí. Ìyá Oníbúrẹ́dì kánjú yíjú sí sítóòfù, kí Tísà má bàa rí ojú rẹ̀.

"Ẹ̀rù bà yín lánàá?" ló bi í lẹ́yìn tí tíì ti wọlé díẹ̀.

"Ẹ má rojọ́! N ò fojú kan oorun."

"Ọkọ yín ló bà mí lẹ́rù."

"Ọkọ yín náà ni! Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Àná kọ́ ni mo dé, ìjẹrin ni. Àwọn òru tí mo dá wà níbí, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, mo sùn bí ọmọ ọwọ́ ni. Ìgbà tí mo rí bùútù yín ni wàhálà dé."

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

Tísà tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ní ọjọ́ tòun pé, òun gbọ́dọ̀ dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Ó fẹ́ fi bàtà dúdú sílẹ̀ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó ní kó fi kún tirẹ̀, ọkọ méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Ìyá ní rárá, ẹ ṣeun, èyí tó wà nílẹ̀ ti tó òun.

Bọ́ọ̀sì funfun gba géètì jáde. Ó wá ku igi mẹ́fà, omi adágún, àti Bàbá Ọlọ́gbà tó ń gbọ́ rédíò lọ́ọ̀ọ́kán. Oòrùn ń wọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sórí síìtì awakọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sá. Wákàtí méjì péré ni ilé. Ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn, ó gbé ọwọ́ lé síárìn. Ó ronú lé ọ̀rọ̀ Tísà. Lẹ́yìn náà ló pa á, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé bùútù tí Tísà ti dá padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó da aláǹtakùn sórí koríko pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi àkísà gbígbẹ nù ún lójú, ó nù ún nínú.

"Bàbá ọmọ mi," ló wí, kì í sì í ṣe fún etí olè, "ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti ṣọ́ mi tó. Ó yá, ẹ wọlé kẹ́ ẹ sinmi."

Ó ti bùútù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí ọwọ́ rẹ̀ jó. Ó bọ́ sálúbàtà pupa tó wà lẹ́sẹ̀ òun fúnra rẹ̀, nọ́ńbà méjìdínlógójì, ó tò ó sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí bùútù ti kúrò, ó sì wọlé.

Ẹ̀rù ò lọ o. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù lọ ń tàn yín jẹ ni. Nǹkan náà tún bọ́ sórí páànù, kòó! Àyà rẹ̀ já bíi ti àná. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Èso igi ni, kéékèèké, tó le. "Èso ni," ló wí sókè. Nǹkan pariwo létí omi. "Ọ̀pọ̀lọ́ ni." Nǹkan wúkọ́. "Bàbá Ọlọ́gbà ni." Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń pe orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń já búrẹ́dì fún, kò sì tíì pè wọ́n dé ìdajì tí ìhanrun fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò gbọ́ ọ̀kankan.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mọ́tò ọkọ ọmọ rẹ̀ já wọ inú ọgbà, Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò dúró kí mọ́tò náà dúró tán. Ó rí sálúbàtà pupa, kò rí bùútù.

"Yéè! Mo gbé o! Wọ́n ti jí bùútù! Wọ́n ti gbé àbúrò mi lọ!"

"Ta ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà onílé láàárọ̀?" Ohùn náà ti inú ọkọ̀ wá, ó sì ṣe jẹ́jẹ́.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti fa ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wú fún oorun. Ó ti fọ símẹ́ńtì kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè láti wọlé.

"Dúró níbẹ̀," ni ìyá wí. "Bọ́ bàtà rẹ."

"Màmá, ọkọ̀ ni..."

"Bọ́ bàtà rẹ, ọkọ ọmọ mi. Inú ilé èèyàn lò ń wọ̀ yẹn."

Ọkùnrin náà wo Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n ti bọ́ tirẹ̀, ó ti ń gun orí bẹ́ẹ̀dì lọ, ó ń béèrè ibi tí ṣúgà wà. Ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn, ó to bàtà ńlá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà pupa. Nǹkan kan wú nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó yọ téèpù náà, ó wò ó díẹ̀, ó sì fi í sínú bàtà níta.

Ó wá tẹrí ba, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ló wí. "Ẹ kú ilé o."